Iná Pupa Tí Awakọ̀ Yẹn Rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ pé, "Ọlọ́run, o ṣeun," kí n lè ríbi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ má wò ó pé mò ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń bà mí lẹ́rù, ohun tí mo fẹ́ sọ ni.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Fúnmi tí ń gun máṣíìnì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé irú obìnrin wo nìyí. Mo ti gbọ́, mo sì ti dárí jì yín. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mò ń ṣe. Mo máa ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ láti Àkúrẹ́ yìí lọ sí àwọn àbà tó wà lójú ọ̀nà Oǹdó, níbi tí táksí kì í dé. Ọkọ mi ló ni máṣíìnì náà, orí ẹ̀ ló sì kú sí. Ó ń bọ̀ láti Oǹdó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ò tàn, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì rí i. Ẹni tó gbá a ń sunkún lọ́sibítù, ó ń sọ pé, "N ò rí iná, mà. N ò rí iná kankan." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbé sùn, òun ni mò ń gbé jí.

Àwọn ẹbí ní kí n tà á. Kí wá ni màá máa fi ṣiṣẹ́? Àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà, pé kí Fúnmi ọmọ mi má pàdánù ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti pàdánù bàbá. Mo bá gbé máṣíìnì lọ bá Bọ̀dá Délé, riwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nítòsí Ọjà Ọba. Máṣíìnì àtijọ́ ni. Wáyà inú ẹ̀ ti gan, eku ti jẹ òmíràn. Bọ̀dá Délé fa wáyà tuntun láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, ó pààrọ̀ bátìrì, ó fi fíúùsì sí i. Ó fi gílóòbù LED síwájú, torí ó ní ẹ́ńjìnnì náà ò lè gbé gílóòbù ńlá. Ó wá fi iná pupa tuntun sẹ́yìn. Súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ ti gbó, kò sì fẹ́ kó ru ẹrù púpọ̀, ló bá so họ́ọ̀nù mọ́ bátìrì tààrà. Ó ní, "Mummy Fúnmi, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, họ́ọ̀nù á dún. Àmọ́ iná ò ní tàn láìsí kọ́kọ́rọ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹ rántí Sunday tí a gbé e wá fún ìdúpẹ́. Pásítọ̀ fi òróró kàn án díẹ̀, ó parí. Kò tẹ́ ìyá ọkọ mi tó wá láti Oǹdó lọ́rùn. Màmá ti po iyọ̀ mọ́ omi àdúrà, odindi kẹ́ẹ̀gì kan, ló bá dà á láti ọwọ́ máṣíìnì títí dé ìdí iná ẹ̀yìn. Mo ní, "Màámi, ó tó." Wọ́n ní, "Ó tó kẹ̀? Ṣé ọmọ tìẹ ló kú ni?" Mo jẹ́ kí wọ́n dà á tán.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, nírọ̀lẹ́ kan, Fúnmi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, Màmá ń já ẹ̀fọ́, kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì wà lórí tábìlì níwájú mi. Họ́ọ̀nù dún níta. Ó dún kúkúrú, ó dákẹ́, ó tún wá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ẹ̀yin ará, bí ọkọ mi ṣe máa ń fun ún nìyẹn tó bá ti dé ẹnu géètì! Fúnmi fò dìde, ó ní, "Daddy ti dé!" Lẹ́yìn náà ló rántí, ó sì rọra padà jókòó. Màmá ò dìde. Ẹ̀fọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kí ẹnì kan lọ ṣí géètì fún un."

Mo jáde. Máṣíìnì dá dúró síbi tí mo gbé e sí, kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo fọwọ́ kan àga rẹ̀. Ó tutù, ìrì ti ń sẹ̀ sí i.

Bó ṣe ń dún nìyẹn o, pàápàá tí ìrì bá ti sẹ̀. Mo pe Bọ̀dá Délé. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi dún. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Mummy, iṣẹ́ tèmi ti parí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà wá gbàdúrà yí máṣíìnì ká, ó sì dún bí a ṣe fẹ́ ṣe àmín. Mi ò ní dárúkọ àwọn àgbà ìjọ tó bá fẹ́ǹsì jáde. Àwọn náà mọra wọn.

Ó wá kan òwúrọ̀ tí mo torí ẹ̀ dúró yìí. Àwọn ìyá ọmọ ń retí mi lábà, mo gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tí mo kọjá àwọn ilé tó kẹ́yìn ní Àkúrẹ́, kùrukùru ọyẹ́ ti bo ọ̀nà, mi ò rí ju ibi tí iná iwájú mi mọ lọ. Họ́ọ̀nù bá bẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò dákẹ́ mọ́. Ó ń ké ṣáá nínú igbó yẹn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo pariwo orúkọ ọkọ mi, mo ní, "Kí lo ń fẹ́? Ṣé o fẹ́ mú mi lọ ni?" Mo dúró létí títì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, iná iwájú kú. Họ́ọ̀nù ṣì ń ké. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú máṣíìnì, mo já wáyà họ́ọ̀nù pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Gọ́tà jíjìn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò ríbi sá sí. Mo kàn pariwo ni, "Jésù, Fúnmi o!" Mo gbọ́ búréèkì, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ gélè lórí mi. Agbégilódò ni! Ó yà mí sílẹ̀, ó sáré lọ dúró níwájú. Kò kàn mí.

Awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó sáré wá bá mi. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ọpẹ́lọpẹ́ iná ẹ̀yìn yín. Mi ò rí nǹkan míì nínú kùrukùru yìí, iná pupa yẹn nìkan ni mo rí, ni mo fi yà."

Mo wo ọwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́yìn máṣíìnì. Iná ẹ̀yìn ò tàn rárá. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o rí iná?" Ó ní, "Ó pọ́n kedere, mà." Ó wá tẹ̀ lé mi wá sẹ́yìn, òun náà wò ó. Ó fọwọ́ nu gíláàsì rẹ̀, ó tún wò ó.

Nígbà tí mo délé, mo mú sikurudiráfà, mo tú gbogbo ẹ̀ fúnra mi. Bọ́tìnnì họ́ọ̀nù kún fún ohun funfun àti ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Iyọ̀ ìdúpẹ́ wa ni! Tí ìrì bá sẹ̀ sí i, á so ojú irin méjèèjì pọ̀, họ́ọ̀nù á sì dún. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Bó ṣe ń dún bíi ti ọkọ mi yẹn, bóyá etí wa ló ń fẹ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo wá tú ẹ̀yìn. Iyọ̀ ti jẹ wáyà iná ẹ̀yìn já sí méjì. Kódà ká ní kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀, kò lè tàn. Gbogbo wa ń tẹ́tí sí họ́ọ̀nù, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn.

Mo mú wáyà náà lọ fún Màmá, mo sọ ohun tí awakọ̀ sọ. Wọ́n dì í mú. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé àwo oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ tèmi ò rẹ́ni tanná fún un. Ìwọ rí." Mo gba àwo náà lọ́wọ́ wọn, mo nù ún.

Mo ti fa wáyà míì, mo sì fi rọ́bà dì í dáadáa. Máṣíìnì wà níta. Ẹ lè gbọ́wọ́ lé e, àmọ́ ẹni tó bá gbé omi iyọ̀ wá, kó jọ̀ọ́ gbé e padà sílé. Láràárọ̀ kí n tó jáde, Fúnmi máa ń lọ dúró sẹ́yìn, á pariwo fún mi pé, "Ó ń tàn!" Èyí tí à ń rí yìí, èmi ni mo so ó. Èyí tí awakọ̀ yẹn rí, ẹ mọ ẹni tó tàn án. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi pariwo ẹ̀ kí ọ̀run gbọ́: Ó ń tàn!