Aṣọ Tí Mo Ká Lórí Ebè Àbúrò Mi

Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ sì jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀. Ó ku tèmi. Àbúrò mi tó jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí, tí ẹ ń pè ní Bàbá Awòkè, ọ̀rọ̀ náà kàn án, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni, pé ó fi oko baba wa sílẹ̀ sá lọ. Irọ́ ni. Èmi ni mo lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fi igi lé e.

Tòmátì ni baba wa ń gbìn lórí òkè, níbi tí òtútù ti ń mú débi pé ìrì máa ń dì funfun sórí ewé bí iyọ̀. Ọdọọdún ló ń pa ọ̀gbìn wa. A gbà pé láti ojú ọ̀run ni òtútù ti ń rọ̀ bí òjò, àfi àbúrò mi tó ti kàwé nípa oòrùn àti ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ò rọ̀ látòkè. Ilẹ̀ ló ń tú ooru rẹ̀ dànù. Lọ́sàn-án, ohun tí oòrùn ń fún un pọ̀ ju ohun tó ń dá padà lọ, ló fi ń gbóná. Bí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ ò yéé dá ooru padà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fún un ti lọ. Bí ìkúukùu bá wà, á gba díẹ̀, á dá a padà sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí atẹ́gùn ò fẹ́, a gbé! Ẹ jẹ́ ká bo ọ̀gbìn." Mo fi ṣẹ̀rín, mo ní, "Ṣé ilẹ̀ náà á tún sọ irú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ fún ẹ?" Lọ́dún yẹn, ọ̀gbìn tèmi kú, tirẹ̀ yè lábẹ́ aṣọ. Baba wa rìn láàárín ebè rẹ̀, ó ní, "Ẹni tí oko yìí máa bọ́ sí lọ́wọ́ ti hàn." Èmi àkọ́bí rẹ̀ ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi korò bí jogbo.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́. Mo ń bi í léèrè, inú rẹ̀ ń dùn, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbà. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wòkè nírọ̀lẹ́ ká lè mọ ohun tí òwúrọ̀ máa mú wá. Áà, ìkà ni mí! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìsàn dá baba wa dùbúlẹ̀, àbúrò mi sì gbé e lọ sí ọsibítù. Kó tó lọ, ó da aṣọ bo gbogbo ebè rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fojú sí i." Mo ní kó má mikàn. Bí oòrùn ṣe wọ̀, mo wòkè: kò sí ìkúukùu. Ewé kan ò mì. Mo bọ́ sóko, mo ká aṣọ náà lórí ebè kan tẹ̀ lé òmíràn, mo wọ́ ọ jù sínú igbó. Ilẹ̀ ebè náà ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tó dé láàárọ̀, gbogbo ọ̀gbìn ti dúdú bí ewé tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Mo ní, "Atẹ́gùn ló gbé aṣọ lọ." Ó wò mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí atẹ́gùn bá fẹ́, á po afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó wà lókè mọ́ ti ilẹ̀, ìrì ò ní dì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, mo sì gbàgbé. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Mo bá baba wa ní ọsibítù, mo sọ fún un pé òtútù ti pa ọ̀gbìn àbúrò mi, ó bi mí pé, "Ṣé kò bò ó ni?" Mo ní, "Kò bò ó, Bàbá. Ó ní ìwé òun sọ pé kò séwu." Bàbá yíjú sí ògiri. Èrò yẹn ló bá a dé sàréè. Nígbà tí àbúrò mi ń di ẹrù rẹ̀ láti fi oko sílẹ̀, mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tọ́jú Màmá." Ìyẹn nìkan.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ṣe mí. Ẹni tó fi ìfẹ́ fi ibi tí ọ̀fìn wà hàn mí, ibẹ̀ gan-an ni mo tì í sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ yín lọ́gbọ́n, ẹ má fi ọgbọ́n náà pa á lára. Àbúrò mi, mi ò lè jí baba wa kí n sọ òtítọ́ fún un. Àwọn ọmọ yìí ni mo rí sọ ọ́ fún. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Àkọ́bí mi, sún mọ́ mi. Ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́. Bá mi yí ara mi dojú délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, kí n fi bẹ àbúrò mi.