Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Ìyá Mi

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ọjọ́ Ajé, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ aago náà nítorí pé mò ń wo fóònù mi léraléra, ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa pẹ́. Mo dúró lábẹ́ bíríìjì ní Ajah, mo gbójú sókè, mo sì rí ojú ìyá mi lára bánnà kan tó tóbi ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ.

Ẹ̀yin ará, kí n tó lọ jìnnà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ìyá mi fi ń mí. Kì í ṣe ọpẹ́ orí ahọ́n lásán. Láàárọ̀ yìí, wọ́n bá mi jà nítorí pé mo fi iyọ̀ púpọ̀ sí ẹyin. Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnnì, mo sunkún, torí pé ẹni tó lè bínú nítorí iyọ̀ ṣì wà láàyè dáadáa. Ẹ bá mi pariwo halelúyà kan, kí n lè rí ọkàn sọ ìyókù. Ìyókù kò dùn, inú sì ń bí mi. Mo gbàdúrà kí ìbínú náà lọ kí n tó dé iwájú yín. Kò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí n má baà gbàgbé, kí n má sì bú ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí kò mọ̀ mí, Tọ́pẹ́ ni orúkọ mi. Ẹ̀kọ́ ìròyìn ni mo kà ní yunifásítì, mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá, mi ò sì tíì rí iṣẹ́. Mo wá darapọ̀ mọ́ ẹ̀ka mídíà ìjọ wa. Èmi ni mò ń ya fọ́tò lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sára pósítà, èmi ni mò ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí pééjì ìjọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo gbà pé tí ènìyàn bá ní ìròyìn ayọ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kí ará ìta lè gbọ́. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó báyìí nìyẹn.

Bùrọ́dá Délé ni olórí ẹ̀ka wa. Àwọn nìyẹn lẹ́yìn káámẹ́rà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.

Nígbà òjò, ìyá mi jí lọ́jọ́ kan, ẹnu wọn ti yí sí apá kan, ọwọ́ òsì wọn kò gbéra. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, pé rọpárọsẹ̀ kékeré ni. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù. Mo ya fọ́tò wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ẹ̀ka wa kí wọ́n lè bá mi gbàdúrà. Nítorí àdúrà nìkan ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Ẹ gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ìwòsàn náà gbà. Oògùn láràárọ̀. Ẹni tó ń bá wọn na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àdúrà lójoojúmọ́. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n wọ léèsì, wọ́n wá dúpẹ́ níwájú yín níbí. Mo tún ya fọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí gbogbo eyín wọn fi hàn.

Bùrọ́dá Délé so fọ́tò méjèèjì pọ̀ fún ìsọjí wa tó ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo kọ pé, "Ọlọ́run gbé ìyá wa dìde." Ohun tí mo wá rí lára bánnà ní Ajah ni: "RỌPÁRỌSẸ̀ POORÁ LỌ́JỌ́ MẸ́TA! KÒ SÍ OÒGÙN, KÒ SÍ DÓKÍTÀ! ÌWỌ LÓ KÀN!"

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ pe Bùrọ́dá Délé, mo ti tẹ nọ́ńbà wọn, mo tún pa á. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn kan tó ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ní Lẹ́kkí. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá lanu, iṣẹ́ náà á bọ́. Mo wá ń sọ fún ara mi pé àsọdùn kékeré ni, pé kò sí ìpolówó tí kò ní àsọdùn. Mo wọkọ̀, mo bá tèmi lọ. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìbínú mi yìí, ẹ fi sọ́kàn pé orí ara mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Badore. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Màmá Ìyanu. Inú wọn kọ́kọ́ dùn. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n fi pósítà náà ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ ra oògùn wọn ní kẹ́míìsì, wọ́n bá obìnrin kan tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀.

"Háà! Màmá Ìyanu! Ẹ̀yin náà ń ra oògùn? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lára bánnà ni, àbí ìkejì yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta oògùn náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní aládùúgbò kan ló rán àwọn. Wọ́n gbé oògùn náà délé, wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, wọn ò sì lò ó mọ́. Mi ò mọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti lo oògùn?" Wọ́n á ní, "Mo ti lò ó, ọlọ́pàá."

Lọ́jọ́rú kan, mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé iṣẹ́ kan nínú Lẹ́kkí Free Zone. Mo jókòó, mò ń dúró kí wọ́n pe orúkọ mi, ni fóònù mi dún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìyá mi ni.

"Tọ́pẹ́, máa bọ̀ kíákíá. Mọ́mì ń bá àwọn ọmọ kọrin ni, wọ́n kàn jókòó sílẹ̀. Wọn ò lè sọ̀rọ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé títì. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti èbúté ti tò débi tí ojú mi lè ríran dé, kò sí èyí tó ń lọ nínú wọn. Mo wà nínú ọkọ̀ èrò, mò ń gbàdúrà sókè, kì í sì í ṣe irú àdúrà tí a máa ń fi sára pósítà. Mo ní, "Olúwa, mi ò lè fi ohùn dídùn bá Ọ sọ̀rọ̀ lónìí. Orúkọ Rẹ ni wọ́n fi pa irọ́, èmi náà rí i, mo dákẹ́. Bá èmi wí. Má jẹ́ kí ìyá mi kú." Nígbà yẹn, mi ò tíì mọ̀ nípa oògùn o. Mo kàn mọ̀ nínú mi pé bánnà yẹn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí, tí mi ò mọ̀ rí, ń ṣe "Àmín" sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Ṣàngótẹ̀dó.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Àlàájà kan wà tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì ìyá mi. Aago méjì ni wọ́n máa ń wá mú ọmọ náà. Lọ́jọ́ yẹn, aago mọ́kànlá ni wọ́n dé, torí ọmọ fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì sì ni Àlàájà yìí! Bí wọ́n ṣe rí ẹnu ìyá mi báyìí, wọn ò dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ gba inú ẹ́síteètì kan kọjá kí wọ́n lè yẹ ojú títì sílẹ̀, gèètì ibẹ̀ kì í ṣí fún àlejò, Àlàájà pariwo mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ títí ó fi ṣí i. Èmi ṣì wà láàárín àwọn tírélà nígbà tí ìyá mi ti wà lọ́wọ́ dókítà. Dókítà sọ fún mi pé ká ní wọ́n dúró dè mí ni, ohun mìíràn là bá máa sọ.

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run tó rán Àlàájà! Ẹ pàtẹ́wọ́ dáadáa! Mùsùlùmí ni wọ́n, Ọlọ́run ló rán wọn, mi ò sì ní yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀rí mi kó lè bá pósítà mu.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn ìyá mi padà. Dókítà bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n lo oògùn kẹ́yìn. Wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo bá wọn dáhùn, mo ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni, torí mo bi wọ́n. Ìyá mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Mọ́mì! Kí ló dé?"

"Ojú mi wà lójú títì, Tọ́pẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé mi ò lo oògùn. Ṣé kí n wá máa gbé oògùn kiri, kí wọ́n máa fi Ọlọ́run mi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ẹ̀yin ará, ìyá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ara wọn ló ṣẹlẹ̀ sí. Ìtìjú tí àwa dá sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ara wọn bò. Wọ́n fẹ́ kí irọ́ wa di òótọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí Ọlọ́run fín.

Mo pe Bùrọ́dá Délé láti ọsibítù, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ògo! Sìsítà Tọ́pẹ́, jọ̀ọ́, bá mi ya fídíò wọn kékeré kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Èṣù padà wá, Ọlọ́run tún borí. Apá kejì ti dé nìyẹn!"

"Bùrọ́dá, oògùn tí wọn ò lò ló fà á. Nítorí bánnà wa ni wọn ò ṣe lò ó."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbàgbọ́ là ń polówó, kì í ṣe ọsibítù. Ta ló fẹ́ wá síbi tí wọ́n bá kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí?"

Mo ní, "Ẹni tí ìyá ẹ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á wá." Mo sì pa fóònù. Mi ò pa fóònù mọ́ àgbà létí rí láyé mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Mọ́mì sílẹ̀ ní ọsibítù, mo lọ bá Dádì, Pásítọ̀ wa, lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù títí ìsọjí á fi parí, kí a má baà da ọkàn àwọn tó ń bọ̀ rú, lẹ́yìn náà a ó tún un ṣe. Dádì, mo kúnlẹ̀, ẹ forí jì mí. Mi ò lè dúró. Ìdí tí mi ò fi lè dúró nìyí.

Lánàá, mo ṣí pééjì ìjọ. Lábẹ́ fọ́tò ìyá mi, obìnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo ti ní kí bàbá mi dá oògùn àtọ̀gbẹ wọn dúró. Láti Ẹ̀pẹ́ la ti ń bọ̀. A ti gbàgbọ́." Ẹnìkan nínú ẹ̀ka wa ti fi orúkọ ìjọ dá a lóhùn pé, "Àmín! Ìwọ ló kàn!" Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí bàbá máa lo oògùn wọn. Ọmọ ìyá tó wà nínú fọ́tò yìí ni mí." Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Wọ́n yọ mí kúrò lára àwọn tó lè kọ̀wé lórí pééjì náà. Mo fi orúkọ ara mi kọ̀wé sí obìnrin náà ní kọ̀rọ̀, kò tíì ṣí i.

Ẹ bá mi yọ̀, nítorí ìyá mi jókòó níbẹ̀ yẹn, ní ìlà kẹta, oògùn wọn wà nínú báàgì wọn. Mọ́mì, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ọlọ́run gbé wọn dìde lẹ́ẹ̀mejì. Ó lo dókítà, ó lo oògùn, ó lo Àlàájà, kò sì sí ìkankan níbẹ̀ tó dín ògo Rẹ̀ kù. Ẹ jó, ẹ yọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́.

Tí ẹ bá ti dúpẹ́ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìsọjí máa bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ojú obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ yìí, mi ò mọ ojú bàbá rẹ̀, mi ò sì mọ iye ọjọ́ tí bàbá náà ti fi wà láìlo oògùn. Ṣé kí n wọkọ̀ lọ Ẹ̀pẹ́ lọ́la, kí n máa béèrè ilé wọn kiri? Ṣé kí n dúró sẹ́nu gèètì lọ́jọ́rú, kí n máa bi gbogbo bàbá àgbà tó bá ń wọlé bóyá wọ́n ti lo oògùn wọn? Àbí ká jọ lọ já bánnà náà bọ́ lálẹ́ òní? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ nínú Olúwa, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ bá mi sọ ọ́ kí a tó túká.