Ohùn Bàbá Ìbídùn Tí Atúnrédíòṣe Pa Rẹ́

Inú ń bí mi. Ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù, mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ta iṣu, ó ti sú mi. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ohùn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọkọ mi, tí kì í ṣe ẹbí mi, ló ń dún nínú yàrá mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi sì gbé etí lé e. N kò lè lé ohùn náà jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀.

Bíríkìlà ni ọkọ mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ níbí ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya Èkìtì kúrò lára Oǹdó, Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́, oyún sì wà nínú mi. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Bó bá kọ lẹ́tà, ẹlòmíì ló máa kà á fún mi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹnu tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi fún mi. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ló bá ra kásẹ́ẹ̀tì, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó fi rán awakọ̀ kan sí mi. Ó ní àwọn ará ulé ń kọ́? Ulé ló pè é, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ilé. Ó ní Èkìtì ti di ìpínlẹ̀, wọn á máa kọ́ ọ́fíìsì ní Adó, òun á wálé wá ṣiṣẹ́ nítòsí. Ó ní bí mo bá bí obìnrin, Ìbídùn ni kí n sọ ọ́, ó wá ń pe orúkọ náà lápètúnpè bí ẹni pé ọmọ ti wà níwájú òun. Ó tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ míì tí kò kàn yín. Mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ ló pa á. Ìbídùn kò fojú kan bàbá rẹ̀ rí. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á jókòó ti rédíò tá a fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, tí bàbá rẹ̀ bá ti pe orúkọ rẹ̀, á dáhùn pé, “Sà!”

Àbúrò ọkọ mi, tíṣà ni ní Ìjàn, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyàwó, gbé kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá wá kí n ya ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì míì. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí kò dáa.” Mo bi í pé ṣé kó lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ fún mi ni? Mo ní kó lọ fẹ́ ìyàwó tiẹ̀ kó máa sọ tiẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹnu rẹ yìí, Ìyàwó!” Ó bá tiẹ̀ lọ.

Rédíò wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Lọ́jọ́ kan, kásẹ́ẹ̀tì náà há sínú rẹ̀, ẹnu rédíò kò ṣí mọ́. Mọ́tò tó ń lọ ìlú Àgbàdo, tí mo fẹ́ bá lọ ra iṣu, ti ń fọn fèrè, mo sáré gbé e tọ atúnrédíòṣe lọ. Mo ní, “Ṣó o rí kásẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ yìí? Bó o bá ti yọ ọ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn òkú ló wà níbẹ̀.” Ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ó tún un ṣe lóòótọ́. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jókòó, mo tẹ̀ ẹ́. Kí ni mo gbọ́? “Hálò! Hálò! Wọ́n, tú!” Ohùn òmùgọ̀ yẹn! Ó fi kásẹ́ẹ̀tì ọkọ mi dán rédíò wò bóyá ó ṣì ń gba ohùn, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa gba ohùn tiẹ̀ lé ti ọkọ mi lórí. Ó ń bá obìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Ẹlẹ́mọ́ínmọ́ín, ewé pọ̀ ju ẹ̀wà lọ lónìí o!” Obìnrin náà ní, “Jẹ ewé náà, ṣebí ewúrẹ́ ni ọ́!” Ni wọ́n bá jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn la ẹnu, ó ń retí ibi tó ti máa dáhùn. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kò sí kásẹ́ẹ̀tì míì nítòsí lọ́jọ́ náà. Ó wá na tuntun sí mi, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Tuntun! Kí ni mo fẹ́ fi tuntun ṣe? Ta ló máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀? Mo là á mọ́ ògiri. Ọkùnrin kan tó jókòó níbẹ̀ ní, “Ìyá Ìbídùn, ṣebí kásẹ́ẹ̀tì lásán ni.” Mo ní, “Lásán? Ìwọ tí bàbá rẹ ń hanrun nílé lálaalẹ́, o ní lásán?”

Akọ̀wé gbọ́, ó wá. Ó ní ike kéékèèké méjì kan wà bí etí lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, pé bí a bá ṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè gba ohùn míì lé e mọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi nígbà náà? Ó ní ṣé mo jẹ́ kí òun jókòó ni? Ìyẹn gan-an ló ń gún mi lọ́kàn jù. Gbogbo ohun tí mò ń ṣọ́ kí Akọ̀wé má gbọ́, èmi náà kò tún ní gbọ́ ọ mọ́ láyé.

Díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ohùn ọkọ mi ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì náà. Níbi tí òmùgọ̀ yẹn ti dá a dúró, ọkọ mi wúkọ́, ó wá ń bi ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ó tó. Ibo ni mo máa tẹ̀ kó tó dúró?” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yí i síwájú kíákíá, rédíò á tún bù ú jẹ. Nítorí náà ni Ìbídùn ṣe ń jókòó gbọ́ hálò hálò, tó ń gbọ́ mọ́ínmọ́ín, tó ń gbọ́ ẹ̀rín, títí á fi kan ikọ́ bàbá rẹ̀. Èmi á bọ́ sẹ́yìnkùlé. Akọ̀wé ní òun lè ya ibi tó kù yẹn nìkan sínú òmíì, mo sì ti gbà báyìí, ojú ti tì mí tó. Ṣùgbọ́n Ìbídùn kò gbà. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní bí a bá gbé e jáde nílé, wọ́n á tún pa ìyókù rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nǹkan lọ fún àwọn atúnǹkanṣe, ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ìkejì rẹ̀ nílé, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí tó. Ìbéèrè mi nìyí. Téèpù yẹn ti ń fẹ́lẹ́. Ṣé kí n fi agbára gbà á lọ́wọ́ ọmọ, kí n gbé e fún Akọ̀wé, àbí kí n máa wò ó títí rédíò á fi jẹ ikọ́ náà? Mo bẹ Ìbídùn lánàá. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá mi, ẹ̀yin náà lẹ gbé e lọ nígbà yẹn.”