Kókó Okùn Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Dúró

Ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Ẹ tún un pa, ó kéré! Aṣọ opó ni ẹ̀ bá bá lọ́rùn mi láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ará Òkòtá mọ ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú kọ́ḿpáńdì wa tẹ́lẹ̀. Òun ni Bàbá Tóbi, ọkọ mi, fi ń kó èrò sọdá omi. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bàjẹ́, a tún un ṣe, ó wá ku ká gbé e padà sínú ọkọ̀. Kiréènì ò lè gba géètì wa wọlé. Bàbá Tóbi fi páìpù irin mẹ́ta ṣe ẹsẹ̀ tó ga ju ọkọ̀ lọ, wọ́n so púlì kànga mọ́ orí ẹ̀, wọ́n yá okùn. Okùn ọ̀hún ti já rí, wọ́n ta á ní kókó gbàǹgbà. Mo ní, "Bàbá Tóbi, ṣé okùn oníkókó yìí lẹ fẹ́ fi gbé irin?" Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, lọ máa wo ìrẹsì ẹ lórí iná."

Bùọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kó àwọn ọkùnrin fẹ́lóṣíìpù wa wá, wọ́n fà á. Irin gbéra! Bàbá Tóbi dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń to rọ́bà tó máa jókòó lé. Ayọ̀ gbé mi, mo pariwo, "Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ fògo fún Ọlọ́run!"

Ará, ìjọ yìí mà gbọ́ràn o! Gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè!

Okùn sá. Ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lórí ọkọ mi. Àdúrà gígùn dà? "Jésù!" ni mo pè. Ó dúró gbọin! Kókó tí mo bú yẹn ló há sẹ́nu púlì. Ẹ́ńjìnnì ń mì dirodiro lókè àyà Bàbá Tóbi, ọ́ìlì ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Nígbà tí wọ́n rá jáde, Bùọ̀dá Dàpọ̀ dì mọ́ wọn tẹkúntẹkún bí ọmọ ọwọ́.

Wọ́n tún okùn fà, wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ku kí ojú ẹ̀ bá ojú irin tó ń yí fáànù inú omi dọ́gba. Bíléèdì ni Bàbá Tóbi ń kì bọ àárín méjèèjì láti fi wọn àlàfo wọn, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi jáàkì mọ́tò sún un títí gbogbo ẹ̀ fi ṣe déédéé. Ọkọ̀ ti padà sómi, kò gbọ̀n rárá!

Bàbá Tóbi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ọkọ mi nìyẹn, wọ́n wà láàyè! Ẹ bá mi gbọ́wọ́ sókè fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di nǹkan mú, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.