Dáàmù Amọ̀ Tí Oyèníran Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Là

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ẹ̀dùn, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjọra wá, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tí ẹ fi ìlà sílẹ̀ ní èbúté Tin Can kí ẹ lè bá wa jókòó nírọ̀lẹ́ yìí, Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run á gbọ́ tiwa.

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kì í dúró ti òkú àbúrò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi Morìnsọ́lá ni mo pọn Oyèníran nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Èmi náà ni mo bá a gbé inú ilé kan náà títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá pa ẹnu mọ́ nírọ̀lẹ́ yìí, ohun tó pa á ṣì lè pa ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa, alábàárù ni ní Kirikiri, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù kúrò nínú bájì, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò lè rù mọ́, ó ra ilẹ̀ àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀fọn ló rà. Ó ń bẹ àwọn awakọ̀ típà kí wọ́n bá òun da amọ̀ pupa sílẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń fi igi gún un bí ẹni ń gún iyán, títí ó fi mọ òkìtì gígùn kan dábùú ibi tí omi ń gbà kọjá. Dáàmù nìyẹn. Amọ̀ lásán ni, kò ní símẹ́ńtì, kò ní irin. Omi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di adágún.

Ó da ọmọ ẹja àrọ̀ sí i, ó da epìyà sí i. Àwọn yòókù, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n, wọ́n wá fúnra wọn. Lékèélékèé wá. Pẹ́pẹ́yẹ igbó wá. Awọ́nrínwọ́n kan wá tó gùn ju apá mi lọ, tó máa ń yá oòrùn lórí òkìtì bí ẹni pé òun ni onílé. Ní Ajégúnlẹ̀ níbí o! Níbi tí ariwo tírélà kì í dá, àkèré ń ké lẹ́yìnkùlé wa bí ẹni pé abúlé la wà.

Ta ló bímọ ládùúgbò yìí tí Oyèníran kò gbé ẹja lọ kí? Juliet, ìwọ náà bímọ níbí, ṣé irọ́ ni mo pa? Ó ní irọ́ kọ́. Àwọn kan wá nígbà kan, wọ́n fẹ́ dí adágún náà kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe páákì tírélà. Ó mú wọn rìn yí i ká títí bàtà wọn fi rì sínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀ yìí kò fẹ́ràn bàtà." Wọn ò padà wá mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa, òun náà rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Nígbà tó mọ dáàmù yẹn, kò sí ilé kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Koríko ló wà níbẹ̀. Èèyàn ń pọ̀, ilẹ̀ ń tán. Ifeoma kọ́ ilé onípákó síbẹ̀, Ewoma tẹ̀lé e, àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, títí odidi ìlà ilé kan fi wà lábẹ́ òkìtì amọ̀ bí ọmọ adìyẹ lábẹ́ ìyá wọn. Àbúrò mi kò lé ẹnì kankan.

Lọ́dún tí òjò pọ̀, omi wọ àwọn ilé náà. Ifeoma gbé páànù, ó lọ sí ìdí dáàmù, ó wa amọ̀ níbẹ̀ láti fi kún iwájú ilé rẹ̀. Mo rí i. Mo sáré lọ pe Oyèníran. Mo ní, "Jáde wá wò ó, wọ́n ń wú ìdí ògiri rẹ!" Ó dúró lójú fèrèsé, ó wo Ifeoma, ó wo Munachi, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Inú omi ni Munachi ń sùn. Páànù amọ̀ kan kò lè wó dáàmù."

Òótọ́ ni. Páànù kan kò lè wó o. Ṣùgbọ́n ta ló wá bu páànù kan ṣoṣo? Ewoma wá. Ẹni tó wà lẹ́yìn Ewoma wá. Wọ́n fi àpò ìrẹsì kó o. Òjò dé, wọ́n tún wá. Ẹ wo abẹ́ àga yín. Ilẹ̀ tí a ta àtíbàbà sí yìí, amọ̀ ìdí dáàmù wà nínú ohun tí wọ́n fi kún un.

Sylvester rí i. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ Sylvester, ọ̀rẹ́ àbúrò mi tòótọ́ ni. Ó wá bá a, ó ní, "Ọ̀gá Oyè, abeg, omi yìí ti pọ̀ ju agbára ògiri yín lọ. Ẹ jẹ́ ká là á lápá kan kó dín kù."

Àbúrò mi yarí. "Tí mo bá dín in kù, ibo ni àwọn lékèélékèé á sùn? Ibo ni ẹja á yé sí?"

Sylvester ní, "Ẹyẹ ní ìyẹ́, ọ̀gá. Ifeoma no get."

Oyèníran bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò ní tìtorí pé ó ti kú kí n sọ pé kò lágídí. Ó lágídí! Onínúure ni, alágídí sì ni. Inú rere rẹ̀ àti agídí rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ jẹ ìdí ògiri náà.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Awọ́nrínwọ́n ló kọ́kọ́ lọ. A ò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà, àkèré dákẹ́. Ẹ ò lè mọ bí ìdákẹ́ àkèré ṣe ń dẹ́rù bani tó, bí ohùn wọn bá ti mọ́ yín lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn lékèélékèé dé bí ìṣe wọn. Wọ́n yí orí adágún ká, wọ́n tún yí i ká, wọn ò bà. Wọ́n kọjá lọ sápá Tin Can. Oyèníran dúró, ó ń wò wọ́n títí ojú rẹ̀ kò fi ká wọn mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n rí?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lọ wo ìdí dáàmù láràárọ̀. Omi díẹ̀ ń sun níbẹ̀. Á bù ú sínú ife, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó sọ fún mi pé bí omi náà bá mọ́, ògiri ṣì wà. Bí ó bá pọ́n, a jẹ́ pé inú ògiri fúnra rẹ̀ ló ń dà jáde.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn òjò àárọ̀, omi inú ife pọ́n bí epo.

Ó ju ife sílẹ̀. Ó ń sáré láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ń ké pé, "Ẹ jáde! Ẹ má kó ẹrù, ẹ kó ọmọ!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti mutí yó, ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí. Ifeoma gbé Munachi, ó sáré jáde. Nígbà tí wọ́n rí i tó ń sáré, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe wà láàyè lónìí.

Àbúrò mi mú ṣọ́bìrì, ó gun òkìtì lọ sí ìpẹ̀kun tó sún mọ́ gọ́tà ńlá, kí omi lè gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀sà dípò kó ya lu ilé. Sylvester, tí wọn ò tíì parí ìjà, sọ̀ kalẹ̀ nínú tírélà, ó wá ṣọ́bìrì tiẹ̀. Wọn ò kí ara wọn. Wọ́n kàn ń gbẹ́.

Mo ké sí i láti ìsàlẹ̀: "Oyèníran, ẹja ń kọ́?"

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹja máa lọ."

Omi rí ọ̀nà. Ẹja bá a lọ. Àrọ̀, epìyà, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń ya wọ gọ́tà. Àwọn èèyàn gbé abọ́, wọ́n gbé igbá, wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń hó. Àárín ariwo ayọ̀ yẹn ni amọ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àbúrò mi. Sylvester nawọ́ mú un lẹ́wù. Ẹ̀wù ló kù sí i lọ́wọ́. Sylvester ké, ó ké, ariwo ayọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ọjọ́ kejì la rí i, lábẹ́ afárá gọ́tà. Bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ wálé, òórùn ẹja díndín ń ti ojúlé kan jáde dé òmíràn. Mi ò bú yín o. Ohun tí imú mi gbọ́ ni mo sọ.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi dìde. Amọ̀ tó yẹ̀ mọ́ Oyèníran lẹ́sẹ̀ ló dí ọ̀nà tí wọ́n là. Omi kò tán! Ìdajì rẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, lẹ́yìn ògiri tó ti sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí ti lanu, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í sì í ṣe aláǹgbá ló ń dúró dè é. Láàárọ̀ òní, èmi fúnra mi bu omi ìdí rẹ̀ wò. Ó pọ́n.

Síbẹ̀ mo rí ẹ̀yin tí ẹ ti padà sínú ilé yín. Ewoma, mo rí aṣọ tí o sá síwájú ilé. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mo fi ọmú tí èmi àti Oyèníran jọ mu bẹ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni má sùn nísàlẹ̀ dáàmù lálẹ́ òní. Ilé wa ṣí sílẹ̀, yàrá òkú gan-an ṣí sílẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ti gbà, ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a tó gbé pósí jáde, ẹ mú ṣọ́bìrì wá. Sylvester ni yóò ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sin ín láìṣe é, ó kú lásán.

Oyèníran, ọmọ ìyá mi. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ìwọ náà má bojú wẹ̀yìn. Ìyá wa wà níwájú, bàbá wa wà níwájú. Ibi tí ò ń lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ẹni tí o fi sílẹ̀, dárúkọ Munachi, dárúkọ gbogbo ọmọ tó wà ní ìlà ilé yẹn.

Ẹni tó bá ń lọ, a máa ń sọ fún un pé kó rọra. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Yára lọ, àbúrò mi. Yára, kí o bá wa bẹ Ẹlẹ́dàá kí ó bá wa dá òjò dúró di ọ̀la. Ààrá ti ń sán lápá Kirikiri.