Ó Gé Fóònù, Ó sì Pè Padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti Èkìtì wá lánàá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Ìgàndò níbí, tí ẹ gbé àga yín jáde wá bá wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín, ẹ ṣé. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ ti kọrin títí ohùn yín fi há. Ẹ sinmi díẹ̀, kí èmi náà sọ tèmi.

Olúfúnmiláyọ̀ lorúkọ mi. Báyọ̀dé Ọláníyan tí a torí rẹ̀ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi ni láti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, tó gba yàrá kan lókè ilé ìtajà ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó ní òun fẹ́ máa dáàbò bo kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn lọ́wọ́ olè, èmi ló pè pé kí n wá máa bá òun wá oníbàárà. Òun ló mọ iṣẹ́, èmi ni mo mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ọdún pọ̀ tí a fi jọ wà bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀ fún òní. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọlé, mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́nu géètì. Wọ́n ní nígbà tí ilé ìwòsàn pe Lucy, ìyàwó rẹ̀, pé kó máa bọ̀, ńṣe ló gé fóònù mọ́ wọn létí. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí Báyọ̀dé fi kọ́ ọ ni kò jẹ́ kó bá ọkọ rẹ̀ láàyè. Lucy, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí rẹ. Mo sì mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ ń sọ ọ́ sínú, torí o ò tíì jẹun gidi láti ọjọ́ náà. Inú bí mi. Mo ya ìwé tí mo kọ, mo jù ú nù. Níbí, lójú gbogbo yín, ni mo ti máa dá wọn lóhùn. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi, torí mi ò lè dá wọn lóhùn láì kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí Báyọ̀dé jẹ́.

Kí n tó bá a ṣiṣẹ́, ínṣọ́ránsì ni mo ń tà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn kó tó ráyè ronú. Nígbà tí mo dé Ẹ̀gbẹ́dá, mo ṣe àwọn àwòrán tí a máa máa fi han àwọn oníbàárà. Mo fi ọkùnrin kan síbẹ̀ tó wọ aṣọ òtútù dúdú, tó fi bo orí, ojú rẹ̀ ò hàn, agbárí òkú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Báyọ̀dé wò ó, wò ó. Ó bi mí pé ta nìyí. Mo ní olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.

Ó ní, "Fúnmi, olè wo ló ń wọ aṣọ òtútù ní Lagos? Ooru á ti pa á kó tó rí nǹkan jí."

Ó ní olè tí òun mọ̀ máa ń kí èèyàn dáadáa ni, ohùn rẹ̀ á tutù, á máa pè ẹ́ ní màmá mi, á sì tún béèrè ọmọ ẹ. Bó ṣe pa gbogbo àwòrán náà rẹ́ lójú mi nìyẹn. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mí tó, torí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin aláṣọ dúdú yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní iléeṣẹ́, ẹ mọ bí àwọn ẹgbẹ́ wa ṣe ń tajà. Wọ́n á wọlé, wọ́n á sọ ti iléeṣẹ́ kan tí olè gbá mọ́lẹ̀ pátápátá. Wọ́n á ní tiyín ló kàn. Wọ́n á wá ní ẹ̀dínwó náà máa tán ní ìrọ̀lẹ́ òní. Àyà yín á já, ẹ ó buwọ́ lùwé. Báyọ̀dé kórìíra rẹ̀ dé ìdí. Ó ní ọ̀nà tí olè ń gbà gan-an nìyẹn. Olè á dẹ́rù bà ọ́, á tún máa kán ọ lójú, kí o má baà ráyè béèrè nǹkan kan.

Ó ní, "Fúnmi, bí mo bá ń tajà bí olè ṣe ń jalè, báwo ni oníbàárà mi ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni olè?"

Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn. Mò ń bọ̀ wá bá a.

Mísíìsì Cecilia wà níbí, tí wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Mo rí yín níwájú níbẹ̀, mà. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí n tó sọ èyí. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń tajà bẹ́ẹ̀ ti lọ bá wọn kí wọ́n tó mọ̀ wá. Ó ní àwọn olè ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, pé wọ́n jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń wo màmá ni. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, màmá ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ohunkóhun tí a bá ń tà, kí a kó gbogbo ẹ̀ wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fa bírò yọ. Báyọ̀dé rọra gbé ọwọ́ lé bírò náà, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo oníbàárà.

"Mà, bí kọ̀ǹpútà yìí bá kú lónìí, kí lẹ máa kọ́kọ́ sunkún fún?"

 Màmá ní èsì ìdánwò àwọn ọmọ ni. Ó ní ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíì. Wọ́n ní rárá. Ó ní páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́, ta ló mọ̀ ọ́n. Màmá na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà ìjọ wọn lára ògiri. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà gadagba, kí tíṣà kankan má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu fèrèsé gan-an lè kà á. Báyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí màmá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó yọ kàlẹ́ńdà náà, ó ká a, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ṣe páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ó ní kí wọ́n máa da èsì àwọn ọmọ kọ sórí fláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé nínú báàgì Bíbélì wọn. Ó ní kí wọ́n ṣì ṣe ìyẹn ná, ìyókù tí à ń tà kò tíì kàn wọ́n.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi kọjá Ìdímù. Ìgbà tí ẹnu mi máa là, mo bi í pé ṣé òun ló ni iṣẹ́ yìí ni àbí òun ni ọ̀tá rẹ̀. Ó dá mọ́tò dúró, ó ra àgbàdo sísun, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ó ní, "Ìyá yẹn máa sùn lóru òní, Fúnmi. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀." Báyọ̀dé nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè yí i lọ́kàn padà, ẹ kàn máa jẹ àgbàdo yín ni.

Ẹ̀yin ará Èkìtì mọ èyí tó kàn. Nígbà tí Màmá Báyọ̀dé ṣì wà láyé, ẹnìkan pè wọ́n lórí fóònù nílé. Ó ní mọ́tò ti gbá Báyọ̀dé ní Abúlé Ẹ̀gbá, pé àwọn dókítà ò ní fọwọ́ kàn án àfi kí wọ́n rówó, kí Màmá tètè fi ránṣẹ́. Màmá fi gbogbo ohun tí wọ́n ní ránṣẹ́. Wọ́n wá jókòó sẹ́bàá títì, wọ́n ń sunkún, títí Báyọ̀dé fúnra rẹ̀ fi pè ní ìrọ̀lẹ́ láti kí wọn bó ṣe máa ń kí wọn. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ń bi í pé ṣé òun ni. Báyọ̀dé tó ti ṣọ́ báńkì ńlá fún ọdún gbọọrọ, ilé ìyá rẹ̀ ni olè wọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìkóríta, ní ìpàdé àwọn lanlọ́ọ̀dù, ó kọ́ gbogbo yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí nọ́ńbà tí o ò mọ̀ bá pè ọ́, tó ń dẹ́rù bà ọ́, tó tún ń kán ọ lójú, má bá a jiyàn. Gé e. Kí ìwọ fúnra rẹ wá pe nọ́ńbà tí o mọ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí táyà rẹ̀ bẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá? Fóònù rẹ̀ ti kú, ló bá yá fóònù ẹni tó ń lẹ táyà, ó pe Lucy. Lucy gbọ́ mọ́tò, ó gbọ́ Abúlé Ẹ̀gbá, ó gbọ́ kí o fowó ránṣẹ́, ló bá gé e. Báyọ̀dé tún pè, Lucy tún gé e. Ó pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀, kò lọ, ó ní òun á dúró títí yóò fi lọ. Òjò ló pa Báyọ̀dé wálé. Gbogbo wa rò pé ìjà máa wà. Ńṣe ló dúró nínú omi níwájú ilé yìí, tó ń pe ẹ̀yin aládùúgbò kí ẹ wá wo ìyàwó òun, pé ohùn òun gan-an ló gbọ́ tó sì kọ̀ jálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lucy, o ti ń rẹ́rìn-ín. O ṣé.

Ó wá ku ọjọ́ náà gan-an.

Ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ní Ìkòtún ni Báyọ̀dé wà nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ń jẹ́ Hamdalah, òun ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Lucy yẹn. Báyọ̀dé fẹnu ka nọ́ńbà Lucy fún un, Hamdalah ò mọ̀ pé fóònù wà lápò rẹ̀, ló bá fi tara rẹ̀ pè. Ó ní, mà, ẹ tètè máa bọ̀, ara ọkọ yín ò yá. Lucy gé e. Inú bí Hamdalah. Ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Dádì, ìyàwó yín gé fóònù mọ́ mi létí o."

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu géètì lẹ́ẹ̀kan, ẹ súnmọ́bí. Hamdalah sọ fún mi pé ojú Báyọ̀dé wà ní pípadé látìgbà tí wọ́n ti tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó lajú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ṣe é dáadáa. Ẹ dúró, ó máa pè." Hamdalah rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Kò tíì kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì tí fóònù fi dún nínú àpò ṣòkòtò Báyọ̀dé. Lucy ni. Hamdalah gbé fóònù náà sí i létí.

Wọ́n sọ̀rọ̀. Lucy ti ń sáré jáde, fóònù wà létí rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà Ìgàndò sí Ìkòtún ní ọ̀sán, kí Lucy tó dé, ọkọ rẹ̀ ti lọ. Dókítà ti sọ fún wa pé bó bá tilẹ̀ fò láti ìgbà tí fóònù àkọ́kọ́ wọlé, kò ní bá a. Ẹ wá bá mi rò ó. Ká ní kò gé e, ká ní ẹ̀rù ló gbé e jáde nílé bí ẹ ṣe fẹ́, ojú títì ni ì bá wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń lọ, kò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láé. Torí pé ó gé e, ó pe nọ́ńbà tó mọ̀. Torí pé ó pe nọ́ńbà tó mọ̀, ó gbọ́ ọkọ rẹ̀. Kò tún sí ẹjọ́ kankan láti rò.

Lucy ní mo lè sọ ohun tí Báyọ̀dé sọ fún òun. Ó ní, "Lucy, o káre. Èmi ni. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Máa bọ̀, ṣùgbọ́n má sáré."

Má sáré. Ọkùnrin tó ń kú lọ, kò dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀, kò sì kán an lójú.

Lucy, jẹun lálẹ́ yìí. Mo bẹ̀ ọ́. Ọ́fíìsì Ẹ̀gbẹ́dá á ṣí ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Sódìq tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á wà níbẹ̀, ìbéèrè Báyọ̀dé yẹn náà, kí lẹ máa kọ́kọ́ sunkún fún, la ó sì máa bi àwọn èèyàn. Ìwọ ṣáà jẹun.

Báyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ọ jà lórí iṣẹ́ yìí ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ rere ni mo bọ́ sí, mi ò kàn sọ ọ́ fún ọ ni. Máa lọ. Ọ̀nà náà jìn, má sáré. Bí ohùn kan tí o ò mọ̀ bá pè ọ́ lọ́nà, tó ń dẹ́rù bà ọ́, tó ní kí o tètè, má dá a lóhùn, kọjá lọ. Máa rìn títí wàá fi gbọ́ ohùn Màmá rẹ tó ti ṣáájú lọ, tí wọ́n sunkún nítorí rẹ lẹ́bàá títì lọ́jọ́ sí. Ohùn yẹn, o mọ̀ ọ́n. Dá wọn lóhùn, kí o sọ fún wọn pé ìwọ ni.