Kàǹga Ìyá Sẹ̀nami Tí Mo Fi Ẹnu Mi Dí

Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ayé àwọn ológun. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún àlùfáà wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará Gberefu ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ fi mí joyè, torí pé èmi ni mo gba àwọn lọ́wọ́ májèlé. Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi, nítorí ó yẹ mí. Nígbà tí à ń tò sórí ìlà ká tó rí ọṣẹ àti mílíìkì rà, èmi tíṣà kẹ́mísírì lásán nítòsí Ìjànìkin ni mo ṣe ẹ̀rọ tó ń rí òjé, májèlé tí ojú lásán ò lè rí, nínú omi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti òkè òkun dé ló fún mi ní okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fi aró kan kun ẹnu rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀. Bí omi bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ náà á ní àwọ̀ ewé. Bí òjé bá wà níbẹ̀, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ta ló tún ní irú rẹ̀ ní gbogbo etí òkun Àgbádárìgì? Kò sí!

Ọ̀gá ológun kan gbọ́, ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, tó wà lódìkejì ọ̀sà, láti pọn omi kàǹga wọn. Nígbà tó ku kàǹga Ìyá Sẹ̀nami, obìnrin kan níbẹ̀, ìgò mi ti tán. Ọlọ́kọ̀ tó gbé mi kọjá yá mi ní kẹ́ẹ̀gì kan. Mo ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, mo pọn omi sí i.

Lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀gá náà àti àwọn ṣọ́jà rẹ̀, omi àwọn kàǹga yòókù ò ṣe nǹkan kan. Omi ti Ìyá Sẹ̀nami nìkan ló mú kí okùn mi pọ́n. Àwọn ṣọ́jà pàtẹ́wọ́, orí mi wú. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí kàǹga náà pa.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo padà lọ. Mo bá ọlọ́kọ̀ yẹn níbi tó ti ń fi omi òroǹbó kíkan fọ àwọn òjé tí wọ́n ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Inú kẹ́ẹ̀gì yẹn náà ló rẹ wọ́n sí.

Òjé inú kẹ́ẹ̀gì ni okùn mi rí, kì í ṣe ti kàǹga. Mo lọ sílé Ìyá Sẹ̀nami, mo ki okùn mi bọ omi kàǹga tó ṣẹ́ kù sínú ìkòkò rẹ̀. Àwọ̀ ewé ló ń tàn. Okùn mi ò purọ́ rí, ẹ gbà mí gbọ́. Èmi ni mo purọ́.

Ó bi mí pé, "Tíṣà, kí lẹ rí?"

Mo ní, "Òjé ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dà á nù."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. "Ẹ ṣé o, Tíṣà. Máwù Ọlọ́run á san án fún yín. Mi ò mọ̀ o. Omi yìí ni mo fi ń po ògì fún Sẹ̀nami mi kí gìrì tó gbé e lọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ọmọ mi."

Mo bá a gbé ìkòkò náà, a da omi rẹ̀ nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀rù àwọn ṣọ́jà ló bà mí. Ìgbéraga ni. Wọ́n ti dárúkọ mi lórí rédíò.

Wọ́n ní Ìyá Sẹ̀nami ṣì wà láyé, pé òun ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ìlẹ̀kẹ̀ oyè sí mi lọ́rùn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, orúkọ mi á bàjẹ́. Màá fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún arúgbó pé gbogbo ọdún tó fi ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, òun kọ́ ló pa á, mo sì ti mọ̀ látìgbà yẹn?